Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò: ẹ wo ayé Mariano Rajoy

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, tó bá dàgbà tán apá ò ní ká a mọ́. Ọ̀rọ̀ ọmọ títọ́ la sábà máa ń pa òwe yìí sí, kò sì burú, ṣùgbọ́n lójú tèmi àwọn olóṣèlú ló yẹ ká máa pa á fún jù, pàápàá àwọn tó mọ̀ dájú pé nǹkan ń rùn nínú ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n á ṣì máa sọ pé ẹ jẹ́ ká máa wò ó ná. Ẹni tí mo fẹ́ fi ṣàlàyé ẹ̀ ni Mariano Rajoy, tó ṣe olórí ìjọba Spéìn láti oṣù Kejìlá 2011 títí di oṣù Kẹfà 2018. Partido Popular lẹgbẹ́ ẹ̀, PP ni wọ́n ń pè é, ẹgbẹ́ àwọn tí ò fẹ́ àyípadà òjijì, tí wọ́n fẹ́ kí ọba wà níbi tó wà kí Spéìn má sì pín.

Ẹ má rò pé ọ̀lẹ ni o. Wọ́n bí i ní 1955 ní Santiago de Compostela, lágbègbè Galicia. Òfin ló kà níwèé, ọmọ ọdún 24 péré ni nígbà tó yege nínú ìdánwò tí ìjọba fi ń mú àwọn ọ̀gá tó ń bójú tó ìwé ilẹ̀ àti ilé, òun ló sì kéré jù láàárín wọn ní gbogbo Spéìn nígbà yẹn. Ìdánwò yẹn kì í ṣe eré rárá, àwọn èèyàn máa ń ti ara wọn mọ́lé kàwé fún ọ̀pọ̀ ọdún nítorí ẹ̀, torí pé iṣẹ́ náà lówó lórí dáadáa. Ní 1981 ló wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Galicia. Irùngbọ̀n tí gbogbo ayé fi dá a mọ̀ yẹn, àpá ìjàǹbá mọ́tò tó ní nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́ ló fi ń bò.

Àwọn ará Spéìn máa ń sọ pé tó o bá pàdé ará Galicia lórí àtẹ̀gùn, o ò ní mọ̀ bóyá ó ń gòkè ni àbí ó ń sọ̀kalẹ̀. Rajoy nìyẹn. Kì í yára sọ ohun tó wà níkùn ẹ̀, kì í sì í bá ẹnikẹ́ni du ọ̀rọ̀. Ó ṣe mínísítà lóríṣiríṣi lábẹ́ José María Aznar, olórí ìjọba PP nígbà yẹn, láti 1996, nígbà tó sì di 2003 tí Aznar ní òun ò dupò mọ́, Rajoy ló nàka sí. Gbogbo èèyàn rò pé ó ti wọlé tán. Àfi bí bọ́ǹbù ṣe bú nínú rélùwéè ní Madrid láàárọ̀ ọjọ́ 11 oṣù Kẹta 2004, ó lé ní 190 èèyàn tó kú, ìjọba ń sọ pé ETA, àwọn Basque tó ń fi ìbọn àti bọ́ǹbù jà kí ìlú wọn lè kúrò lára Spéìn, ló ṣe é nígbà tí ẹ̀rí ń tọ́ka síbòmíràn, ọjọ́ 14 oṣù náà ni wọ́n dìbò, Rajoy sì fìdí rẹmi. Ó tún fìdí rẹmi ní 2008. Àwọn àgbààgbà ẹgbẹ́ ẹ̀ kan ní kó máa lọ sílé, ó dákẹ́, ó ní sùúrù títí ariwo wọn fi rọlẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá 2011 ẹgbẹ́ ẹ̀ kó ìjókòó 186 nínú 350 tó wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin.

Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àwọn àgbà ò parọ́. Kódà nígbà tó dórí àga tọ́rọ̀ ajé ti dàrú, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹnì kan nínú mẹ́rin ni ò níṣẹ́ lọ́wọ́, táwọn olórí Yúróòpù sì ń tì í pé kó tọrọ ìrànwọ́ owó fún gbogbo ìlú lódindi, kò gbà, ti àwọn báńkì nìkan ló gbà ní 2012, wọ́n ní wọ́n lè yá a tó 100 bílíọ̀nù yúrò, nǹkan bí 41 bílíọ̀nù ló lò nínú ẹ̀. Mi ò ní torí ìyẹn sọ pé ara tu mẹ̀kúnnù o. Owó orí tó ní òun ò ní fi kún, ó fi kún un, wọ́n lé ọ̀pọ̀ èèyàn kúrò nílé torí gbèsè báńkì, mo sì mọ̀ pé àwọn kan ò ní gbàgbé ẹ̀ láyé. Ṣùgbọ́n ìdúró ẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yẹn gbè é.

Ibi tó ti wá ṣìnà gan-an ni pé ó rò pé sùúrù tó gbé e dórí àga náà ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo nǹkan. Ní oṣù Kejì 2009 ni aṣírí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè ní Gürtel tú, àwọn oníṣòwò kan tí Francisco Correa jẹ́ ọ̀gá wọn ń fún àwọn aláṣẹ PP lówó ẹ̀yìn kí wọ́n lè máa rí kọ́ńtíráàtì gbà lọ́wọ́ àwọn ìlú tí PP ń ṣàkóso. Ìrókò ṣì kéré lọ́jọ́ yẹn o. Kí ni Rajoy ṣe? Ó kó àwọn àgbà ẹgbẹ́ jọ sẹ́yìn ara ẹ̀ níwájú kámẹ́rà, ó ní kì í ṣe ẹgbẹ́ òun ló ń ṣe iṣẹ́ ibi yẹn, ẹgbẹ́ òun ni wọ́n ń ṣe é sí. Luis Bárcenas, akápò ẹgbẹ́, tí Rajoy fúnra ẹ̀ fi sípò ní 2008, kúrò nípò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ṣì ń sanwó fún un fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ẹ̀.

Nígbà tó di oṣù Kìíní 2013, ó hàn pé Bárcenas ní owó ńlá pamọ́ sí báńkì ní Switzerland. Ẹ wo àtẹ̀jíṣẹ́ tí olórí ìjọba fi ránṣẹ́ sí i lórí fóònù láàárín ọjọ́ yẹn: "Luis, ó yé mi. Mú ọkàn le. Màá pè ẹ́ lọ́la." Irú ọ̀rọ̀ tá a máa ń sọ fún ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ nìyẹn! Olórí ìjọba ló ń sọ ọ́ fún ẹni tí wọ́n ń wádìí. Nígbà tí ìwé ìròyìn gbé e jáde ní oṣù Keje, ọ̀rọ̀ di ariwo. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ó dúró níwájú àwọn aṣòfin, ó ní òun ṣe àṣìṣe tóun fọkàn tán an. Ó ti lé ní ọdún mẹ́rin tí igi náà ti ń ta gbòǹgbò.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó jẹ́ pé tó o bá dúró á rẹ ara ẹ̀ sílẹ̀, irú bí ìjà láàárín ẹgbẹ́, irú bí ariwo àwọn oníròyìn. Òmíràn wà tó jẹ́ pé ìdúró yẹn gan-an ló ń jẹ, ó ń sanra sí i. Olè jíjà nínú ilé ẹni wà lára ẹ̀. Rajoy ò mọ ìyàtọ̀, tàbí ó mọ̀ ọ́n kó tó ṣe bí ẹni tí ò mọ̀, èyí ló sì dùn mí jù nínú ìtàn ẹ̀ torí pé ọlọ́gbọ́n èèyàn ni. Ká ní ní 2009 ló ti pe àwọn olùṣírò owó láti ìta kí wọ́n wá tú ìwé ẹgbẹ́ wò, kó jẹ́ òun ló fọwọ́ ara ẹ̀ lé àwọn tọ́wọ́ wọn ò mọ́ jáde, ojú á tì í díẹ̀, á sì kọjá.

Ọjọ́ tó dé, ó dé kíákíá. Ní ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún 2018 ẹgbẹ́ PNV ti àwọn Basque, tó ní ìbò 5, bá a dìbò fún bọ́jẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì kóòtù dájọ́ Gürtel, Bárcenas gba ẹ̀wọ̀n tó lé ní ọdún 33, wọ́n ní kí PP náà san owó torí pé ẹgbẹ́ jẹ nínú owó yẹn. Rajoy fúnra ẹ̀ ò jẹ́jọ́ o, ẹlẹ́rìí ni wọ́n pè é. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí PNV yí padà tẹ̀ lé Pedro Sánchez, olórí ẹgbẹ́ alátakò PSOE, tó ní kí wọ́n yọ Rajoy. Ní ọ̀sán ọjọ́ 31, tí àwọn aṣòfin ń jiyàn lórí bóyá kí wọ́n yọ ọ́, ọkùnrin náà jáde lọ jẹun ní ilé oúnjẹ kan lẹ́bàá Puerta de Alcalá, kò padà wá mọ́, inú ibẹ̀ ló wà títí ilẹ̀ fi ṣú. Báàgì igbákejì ẹ̀, Soraya Sáenz de Santamaría, ló wà lórí àga ẹ̀ nínú ilé ìgbìmọ̀, gbogbo Spéìn ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Lọ́jọ́ kejì wọ́n fi ìbò 180 sí 169 yọ ọ́, òun sì ni olórí ìjọba àkọ́kọ́ tí wọ́n yọ báyẹn látìgbà tí wọ́n ti ní òfin ìlú 1978.

Mo gbóríyìn fún un lórí nǹkan kan. Kò jókòó ti òṣèlú mọ́. Láàárín oṣù kan náà ó fi ipò aṣòfin sílẹ̀, ó padà sídìí iṣẹ́ ìwé ilẹ̀ tó ti kọ́ látọmọdé, ní Santa Pola, ìlú kékeré kan létí òkun. Àmọ́ àwọn tó fi sílẹ̀ ò rí ibì kankan padà sí. Ní oṣù Kẹrin 2019 tí wọ́n dìbò, ìjókòó 66 péré ni PP rí, wọn ò rí irú ẹ̀ rí látìgbà tí wọ́n ti ń jẹ́ orúkọ yẹn, ọ̀pọ̀ àwọn tó dupò tí wọ́n sì fìdí rẹmi lọ́dún yẹn ò mọ Correa rí, wọn ò sì fojú kan kọ́bọ̀ nínú owó ẹ̀.