Ẹ fi Íjíbítì sílẹ̀ ná, Ìdàh ló sún mọ́ wa jù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí tipẹ́, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ síta. Kò sí gúrúùpù WhatsApp tí mo wà ní Òṣogbo níbí, ti àdúgbò ni o, ti àwọn tá a jọ ka ìwé ni o, tẹ́nì kan kì í ju fídíò sí pé Íjíbítì ni èdè Yorùbá ti wá, ẹlòmíì á ní rárá o, Hébérù ni, àwọn alhaji wa á ní Mẹ́kà ni, wọ́n á wá to ọ̀rọ̀ mẹ́ta mẹ́rin tó jọra létí sílẹ̀, ariwo á sọ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Èrò tèmi ni pé ibi tó jìnnà jù la ti ń wá ẹbí wa, nígbà tí àwọn tá a jọ ṣẹ̀ gan-an wà ní Ìdàh lọ́dọ̀ àwọn Ìgalà, ní Wàrí lọ́dọ̀ àwọn Itsekiri, ní Bìní, ní Àkókó, a ò tiẹ̀ yà kí wọn.

Mi ò bú àwọn àgbà tó kọ́kọ́ sọ ọ́ o. Àlùfáà Samuel Johnson tó kọ ìtàn wa, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, gbà pé apá Íjíbítì la ti ṣí wá, àlùfáà Lucas náà tún tẹnu mọ́ ọn nínú ìwé tiẹ̀ ní 1948. Ayé ìgbà yẹn, òyìnbó ń sọ lójú wa pé èèyàn dúdú ò ní ìtàn kankan, nítorí náà ó yé mi bí ọkàn ṣe lè fà sí ibi tí gbogbo ayé ti mọ̀. Àmọ́ àwa tòní, ẹ̀rí wà nílẹ̀ tá a lè fojú ara wa rí.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù nínú ẹ̀rí yẹn, ẹnu àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ló ti jáde. Àwọn èèyàn wa tí ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, Freetown ní Sàró ni wọ́n já wọn sí. Míṣọ́nnárì kan ará Jámánì, Koelle, wá jókòó tì wọ́n níbẹ̀, ó ń bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí lẹ ń pe imú, kí lẹ ń pe omi, kí lẹ ń pe iná, ó tún ń kọ bí wọ́n ṣe kó oníkálukú sílẹ̀, ẹni tí ogun mú àti ẹni tí wọ́n jí gbé. Ẹ rò ó wò, Ìjẹ̀ṣà kan tí ò mọ̀ bóyá òun á tún fojú kan ilé láé, ó ń pe orúkọ nǹkan ilé fún àjèjì. Ìwé yẹn jáde ní 1854, èdè tó wà nínú ẹ̀ lé ní 150. Ìjẹ̀ṣà, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Yàgbà, Oǹdó, gbogbo wọn ló kó sábẹ́ Akú, orúkọ tí wọ́n ń pè wá níbẹ̀ nítorí ẹ kú yìí, ẹ kú tọ̀hún, ó wá fi Ìgalà tì wọ́n nínú ẹ̀ka kan náà. Kó tó di pé wọ́n sọ ilẹ̀ wa ní Nàìjíríà nìyẹn o.

Ẹ wá gbọ́ bí ará Ìgalà ṣe ń ka nǹkan: eji, ẹta, ẹlẹ, ẹlu, ẹfa. Níbi tí tiwa ti ń pe r nínú ẹ̀rin àti àrún, l ni tiwọn, ẹran náà, ẹla ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ kan ṣèèṣì jọra, bó ṣe yí níbí náà ló ń yí lọ́hùn-ún, ohun táwọn onímọ̀ èdè sì ń wá gan-an nìyẹn. Ní 1978, onímọ̀ èdè kan, Akinkugbe, ṣe iṣẹ́ ìwádìí kan ní Yunifásítì Ìbàdàn tó gbé àwọn ẹ̀ka Yorùbá, Itsekiri àti Ìgalà síra wọn lórí ìró báyìí. Tẹ́ ẹ bá tún ti ẹsẹ̀ sí wájú díẹ̀, ẹ̀ta tiwa yẹn, àwọn Ìgbò ní atọ, Bìní ní eha, Nupe ní guta, kódà Swahili lọ́hùn-ún ní tatu.

Wọ́n á ní àdúrà ńkọ́, sánmà ńkọ́, wàásù ńkọ́, ṣebí Lárúbáwá ni. Bẹ́ẹ̀ ni, a yá wọn ni, ẹ̀sìn àti òwò ló gbé wọn dé, àlùbọ́sà pàápàá ọ̀dọ̀ Haúsá la ti gbà á. Àmọ́ ó ṣòro kí odindi ìlú yá etí, ẹnu, ẹ̀ta àti ẹ̀rin lọ́wọ́ àlejò.

Ti pé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń yí orúkọ tí wọ́n ń pe agbo èdè wa padà, òótọ́ ni. Onímọ̀ èdè kan, Krause, ló dá orúkọ Kwa sílẹ̀ fún ẹ̀ka kan, Greenberg tóun náà jẹ́ onímọ̀ èdè kó wa sínú Niger-Congo, ìyẹn agbo ńlá tó kó ọ̀pọ̀ èdè Áfíríkà pọ̀, ní 1963 ó fi wá sí Kwa pẹ̀lú Akan àti Ewe, ní 1977 Bennett àti Sterk ní ká kúrò níbẹ̀, ká bọ́ sí Benue-Congo, àwọn míì ń pe agbo wa ní Volta-Niger báyìí. Ta ló kọ́kọ́ yà lára ta ni wọ́n ń bára wọn fà, àmọ́ nínú gbogbo ẹ̀, kò sẹ́ni tó ya Yorùbá kúrò lára Ìgalà.

Èyí tí mo mọ̀ pé á bí àwọn kan nínú rèé. Ní Òṣogbo yìí, ìlú tí wọ́n ti lé ogun Ìlọrin padà ní nǹkan bíi 1840, èmi ni mò ń sọ ọ́ pé èdè Fúlàní bá tiwa tan, ti Haúsá ni kò bá wa tan. Fúlàní ń pe ẹ̀ta ní tati, ẹ̀rin ní nayi, Haúsá ń pè é ní uku àti huɗu. Onímọ̀ èdè ará Jámánì kan wà, Meinhof, tó ya Fúlàní sọ́tọ̀ ní 1912, ó kó wọn mọ́ àwọn tó ń pè ní ọmọ Hámù, ìyẹn Hámù ọmọ Nóà inú Bíbélì, ó ń wo àwọ̀ ara àti màlúù mọ́ ọ̀rọ̀ èdè, Greenberg ló wá là á mọ́lẹ̀ pé Wolof àti Serer ní Sẹ̀nẹ̀gà ni wọ́n jọ ń ṣe ẹbí, inú Niger-Congo kan náà pẹ̀lú wa. Haúsá, Lárúbáwá, Hébérù àti èdè Íjíbítì àtijọ́, agbo tiwọn ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá wá ń tẹnu mọ́ Hébérù àti Íjíbítì, kó mọ̀ pé ńṣe lòun ń sọ pé Haúsá bá òun tan ju Bìní lọ. Ìjà òṣèlú ò sí nínú ẹ̀, ẹ má gbé e gba ibẹ̀.

Ibi tí èdè tó bára wọn tan bá ti pọ̀ lóríṣiríṣi nínú ilẹ̀ kékeré, ibẹ̀ làwọn onímọ̀ máa ń kọ́kọ́ wò fún orírun. Ẹ wo agbègbè Lọ́kọ́ja, Yorùbá, Ìgalà, Nupe, Ebira, gbogbo ẹ̀ pàdé síbẹ̀, Idoma àti Edo ò sì jìnnà. Ẹ tún wo Àkókó, ìlú sí ìlú, ahọ́n ń yàtọ̀. Kódà nínú ọjà wa níbí, Ìjẹ̀ṣà á ní ulé, àwa á ní ilé, àwọn ọmọ wa á máa fi í rẹ́rìn-ín pé ẹnu ará oko, bẹ́ẹ̀ Ìgalà náà ń fi u bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, unyi ni wọ́n ń pe ilé.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni àwọn èdè kéékèèké bíi Ahan ní apá Òmùò-Èkìtì, àwọn tó ń sọ ọ́ ti kéré gan-an, Yorùbá tiwa yìí náà ló ń gbé e mì. Ẹnikẹ́ni tó bá ní màmá àgbà tó ṣì gbọ́ ọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó ka 1 dé 10, kó pe ojú, etí, ẹnu, ọwọ́, omi, iná, ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀, kẹ́ ẹ kọ orúkọ abúlé àti ọjọ́ tẹ́ ẹ gbà á sí i, kẹ́ ẹ mú un lọ fún àwọn tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ èdè ní yunifásítì tó bá sún mọ́ yín.