Ẹ́ńjìnnì Amẹ́ríkà Kọ́ Ló Pa Facel Vega

Níbi tí àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ bá ti ń sọ̀rọ̀ nípa Facel Vega, ọkọ̀ olówó iyebíye tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Faransé láàárín ọdún 1954 sí 1964, kì í pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi sọ pé ẹ́ńjìnnì Amẹ́ríkà tí wọ́n gbé sínú rẹ̀ ló pa á. Wọ́n ní aṣọ àyálò kì í pẹ́ lára ẹni. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè dákẹ́ mọ́, nítorí pé aláre ni wọ́n ń dá lẹ́bi.

Jean Daninos ló dá Facel sílẹ̀ lọ́dún 1939. Iṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ náà mọ̀ dunjú ni kí ó fi irin ṣe ara ọkọ̀ fún àwọn mìíràn, bíi Panhard àti Simca. Nígbà tí Daninos fẹ́ ṣe ọkọ̀ ńlá tirẹ̀, owó orí tí ìjọba Faransé ń gbà lórí ẹ́ńjìnnì ńlá lẹ́yìn ogun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ run gbogbo àwọn tí ń ṣe irú rẹ̀ níbẹ̀, títí kan Delahaye àti Talbot. Kò sí ẹ́ńjìnnì Faransé tó ní agbára tó ń wá, owó tí yóò sì fi ṣe ọ̀kan láti ìpìlẹ̀ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá tọ Chrysler, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Amẹ́ríkà, lọ, ó ra ẹ́ńjìnnì DeSoto (ọkọ̀ Chrysler kan) onísílíńdà mẹ́jọ, tí ó tó lítà 4.5, ó sì gbé Vega rẹ̀ wá síbi ìpàtẹ ọkọ̀ ní Paris ní oṣù kẹwàá ọdún 1954.

Ẹ́ńjìnnì yẹn kì í ṣe àdánwò. Inú ọkọ̀ táwọn ará Amẹ́ríkà ń wà lójoojúmọ́ ni wọ́n ti ń lò ó, lójú ọ̀nà gígùn, nínú òtútù àti nínú ooru, nítorí náà wọ́n ti mọ àléébù rẹ̀, wọ́n sì ti tún un ṣe. HK500, ọkọ̀ ńlá Facel mìíràn tó jáde lọ́dún 1958, lè sáré ju 200 kìlómítà lọ ní wákàtí kan pẹ̀lú èèyàn mẹ́rin nínú rẹ̀. Stirling Moss, awakọ̀ ìdíje tí gbogbo ayé mọ̀, ní ọ̀kan. Bí ẹ bá ń wá àléébù HK500 àkọ́kọ́, bíréèkì rẹ̀ ni kí ẹ wò, èyí tí ìwúwo ọkọ̀ náà ń ni lára kí wọ́n tó fi ti Dunlop onídíìsìkì sí i.

Ọdún 1960 ni wàhálà dé, pẹ̀lú ọkọ̀ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Facellia. Òun gan-an ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ ti Faransé pátápátá, lítà 1.6, tí ilé-iṣẹ́ Pont-à-Mousson ṣe. Kì í ṣe pé àwọn oníṣẹ́ náà kò mọṣẹ́, nítorí àwọn náà ló ń ṣe gíà fún àwọn Facel ńlá, gíà ọ̀hún sì dára. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnnì náà dé ọjà kí ó tó gbó. Písítìnì rẹ̀ ń jó, àwọn oníbàárà ń dá ọkọ̀ padà, Facel sì ń fi owó ara rẹ̀ pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì fún wọn. Bẹ́ẹ̀, Facellia yìí ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé pé yóò tà lọ́pọ̀, tí yóò mú owó wọlé ju àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń tà ní ìwọ̀nba lọ. Nígbà tí wọ́n fi ẹ́ńjìnnì Volvo sí ìpò rẹ̀ lọ́dún 1963, tí wọ́n sọ ọkọ̀ náà ní Facel III, wàhálà písítìnì dópin, ṣùgbọ́n gbèsè ti wọ̀ wọ́n lọ́rùn, orúkọ wọn sì ti bàjẹ́. Ní ọdún 1964 wọ́n ti ìlẹ̀kùn.

Ẹ wo Bristol, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà. Láti ọdún 1961 ni wọ́n ti ń gbé ẹ́ńjìnnì Chrysler sínú ọkọ̀ wọn, wọ́n sì lò ju 40 ọdún lọ lẹ́yìn náà. Bí ẹ́ńjìnnì àyálò bá jẹ́ májèlé, kí ló dé tí kò tètè pa Bristol?

Facel II, èyí tó kẹ́yìn nínú àwọn ọkọ̀ ńlá wọn, kò ju bíi 180 lọ lápapọ̀. Ẹni tó bá ní ọ̀kan lónìí lè rí ohun èlò ẹ́ńjìnnì rẹ̀ rà ní Amẹ́ríkà láìsí ìnira púpọ̀. Gíláàsì rẹ̀, iná iwájú rẹ̀ àti àwọn irin dídán tí wọ́n ṣe fún òun nìkan ló ń gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó rí.