Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ jápa wá sí UK, ẹ̀tanú ibí kì í pariwo

Ẹ̀yin ará mi, mi ò kọ èyí láti dá ẹnikẹ́ni dúró. Ẹni tó bá ti rí físà, kó máa bọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń là yín lọ́yẹ̀ nípa jápa, òtútù, owó ilé àti owó orí ni wọ́n máa ń sọ. Tí wọ́n bá tilẹ̀ mẹ́nu ba ẹ̀tanú, wọ́n á ní kí ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó máa bú yín lójú títì. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó ń fa ènìyàn sẹ́yìn jù níbí, ẹ̀rín ló máa ń rín síni. Á kí yín dáadáa, á dúpẹ́ pé ẹ kọ̀wé wáṣẹ́, á sì ní ó dun òun pé ẹlòmíì ni wọ́n mú.

Kò sí ọ̀kan nínú èsì bẹ́ẹ̀ tí ẹ lè dì mú, torí ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíì yẹn mọṣẹ́ jù yín lọ. Ìgbà tí wọ́n bá kà wọ́n pọ̀ ni àṣírí máa ń tú. Àwọn onímọ̀ ní Nuffield College ní Oxford ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 2016 sí 2017, wọ́n fi ìwé ìwáṣẹ́ tó tó 3,200 ránṣẹ́ sí àwọn agbanisíṣẹ́ ní Britain. Ìmọ̀ àti ìrírí inú ìwé dọ́gba, ìran ẹni tó ni ín ló yàtọ̀. Nínú 100 òyìnbó ọmọ ilẹ̀ yìí, 24 ló rí èsì tó dára. Nínú 100 àwọn ẹ̀yà tí kò pọ̀, 15 péré ni. Ní ti ọmọ Nàìjíríà, ibi tí òyìnbó bá ti kọ ìwé 10, òun ní láti kọ 18. Ẹ sì gbọ́ o, nínú ìwé wọ̀nyẹn, Britain ni gbogbo wọn ti kàwé. Ẹ wá wo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ọ́lẹ̀. Nítorí náà, tí wọ́n bá ń kọ̀ yín léraléra, ẹ má tètè gbà pé ẹ ò mọ̀wé tó.

Ẹ̀yin obìnrin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ jù. Arábìnrin kan wà tí a jọ ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ó mọṣẹ́, ó sì ti wà níbẹ̀ kí ọ̀pọ̀ wa tó dé. Nígbà tí ipò ọ̀gá ṣí sílẹ̀, wọ́n ní ó máa ń jà jù. Kò bá ẹnikẹ́ni jà rí, ìbéèrè tó yẹ kí èèyàn bèèrè ló ń bèèrè. Nígbà tó fẹjọ́ sùn, wọ́n ní kò lè jẹ́ tìtorí àwọ̀, ṣebí àwọn ti fi ọkùnrin dúdú kan ṣe ọ̀gá. Kò sì lè jẹ́ tìtorí pé ó jẹ́ obìnrin, ṣebí àwọn ti fi òyìnbó obìnrin kan ṣe ọ̀gá.

Àwáwí yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Obìnrin dúdú márùn-ún pe General Motors lẹ́jọ́ ní Amẹ́ríkà. Iléeṣẹ́ náà ń gba ọkùnrin dúdú sí ilé ẹ̀rọ, ó ń gba òyìnbó obìnrin sí ọ́fíìsì, àwọn obìnrin dúdú ló já sí àárín. Ní 1976 kóòtù ní wọ́n lè pẹjọ́ bí ènìyàn dúdú tàbí bí obìnrin, àmọ́ wọn ò lè pa méjèèjì pọ̀. Ọ̀rọ̀ wọn ni Kimberlé Crenshaw, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa òfin ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1989, láti fi hàn pé ìyà tó ń jẹ obìnrin dúdú ní ojú tirẹ̀. Ní UK níbí, abala 14 wà nínú Equality Act 2010, òfin tó lòdì sí ẹ̀tanú, fún ẹni tí wọ́n fi ohun méjì rẹ́ jẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n kọ ọ́ sínú òfin, ìjọba ò sì jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rí. Inú bí mi nígbà tí mo kà á, inú ṣì ń bí mi.

Ilé ìwòsàn náà ńkọ́? Tí a bá kó iye obìnrin dúdú àti òyìnbó tó ń bímọ dọ́gba, àwọn dúdú tí oyún àti ìbímọ ń pa níbí ju ìlọ́po méjì ti òyìnbó lọ, àwọn ìgbà kan sì wà tó tó ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ má dá lọ bímọ. Tí ẹ bá ní ibì kan ń dùn yín tí wọn ò ka ọ̀rọ̀ yín sí, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì pé ẹ sọ ọ́.

Ohun tó ń pa wá lẹ́nu mọ́ ni físà. Tí agbanisíṣẹ́ bá yọwọ́ nínú spọ́ńsọ̀, ìyẹn dídúró tó dúró fún físà yín, ọjọ́ 60 ni Home Office, ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó físà, sábà máa ń fún èèyàn láti rí agbanisíṣẹ́ mìíràn tàbí kó máa lọ. Àwọn mánéjà mọ èyí dáadáa. Ẹ fi owó díẹ̀ pamọ́ nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú fóònù ara yín lọ́jọ́ náà gan-an: ohun tí wọ́n sọ, aago tí wọ́n sọ ọ́, ẹni tó wà níbẹ̀. Àkókò tí òfin fúnni láti pẹjọ́ kò gùn.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó máa dun àwọn kan. Ní ilé ní Nàìjíríà, onílé tó ń bèèrè ẹ̀yà kó tó háyà yàrá ò ṣọ̀wọ́n. Àwọn kan gbé ìwà yẹn wọ bàálù wá: wọn ò ní bá ará Sòmálíà da nǹkan pọ̀, wọn ò ní kí ará Jàmáíkà. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ arábìnrin yẹn, obìnrin ará Filipínì ló jẹ́rìí fún un. Àwọn tí wọ́n jọ ń sọ Yorùbá ní àwọn ò gbọ́ nǹkan kan.

Ẹ wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bíi UNISON ní oṣù tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kì í gba ẹjọ́ tó ti ṣẹlẹ̀ kí èèyàn tó wọlé.