Àlejò Ọdún Mẹ́wàá

Wọ́n ní àlejò lójú, kò fi ríran. Ó lè dúró ti kànga kí òùngbẹ sì máa gbẹ ẹ́.

Òwe yìí yẹ ẹni tó sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò Ìbàdàn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀yin Yorùbá tẹ́ ẹ ti ń gbé Kubwa l'Ábújá fún ọdún mẹ́wàá ńkọ́, tẹ́ ẹ ṣì ń fi òwe náà bojú?

Ìyá kan ló bí mi nínú lọ́jà. Ẹlẹ́wà gbé múdù jáde, ìyá ní kóńgò lòun mọ̀, pé wọ́n fẹ́ rẹ́ òun jẹ. Bẹ́ẹ̀ múdù ni gbogbo ọjà fi ń wọn ẹ̀wà, ìrẹsì àti gàárì níbí. Kò sẹ́ni tó gbé kóńgò pamọ́ dè é. Ọmọ rẹ̀ kékeré ló dá sí i ní èdè Hausa: “Nawa ne?”, ìyẹn, eélòó ni? Inú ẹlẹ́wà dùn, ó dá iye lé e, ó sì bu èènì sí i. Kàkà kí ìyá dúpẹ́, ó gbá ọmọ létí: “Ṣé Gàmbàrí ni mo bí ni?”

Ẹlòmíì á ní àjò kì í dùn kónílé má relé. Ta ló ní kẹ́ ẹ má relé lọ́dún Iléyá? Ṣùgbọ́n ìlú tẹ́ ẹ kọ́lé sí, tẹ́ ẹ bímọ sí, ẹ ṣì ń pè é ní “Àbújá wọn yìí.” Àwọn wo? Ọdún 1976 nìjọba yan ilẹ̀ náà, 1991 ni wọ́n kó ìjọba kúrò l'Ékòó wá síbẹ̀, àwọn Gbagyi, onílẹ̀ ibẹ̀, sì ti wà níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ẹ̀ ń rí obìnrin wọn tó ń gbé igi ìdáná lé èjìká, ẹ̀rín lẹ fi ń rín. Ẹ ò béèrè ìdí rẹ̀ rí. Orí ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún o! Àwa tá a ní orí là bá bọ, ká fòrìṣà sílẹ̀, àwa la wá ń rín wọn.

Abéèrè kì í ṣìnà. “Ina kwana”, ẹ káàárọ̀ ti Hausa, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ jẹ́ kọ́mọ kọ́ yín ní èdè. Ẹ bi ẹni tó ń ṣọ́ géètì yín léèrè orúkọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ò sọ ọ́ ní Àbókí. Bí èyí bá sì pọ̀ jù fún yín, ẹ yé ráhùn sí wa létí: mọ́tò Ìbàdàn ń gbéra ní gáréèjì Jabi láràárọ̀.