Yíyọ góbánọ̀ bọ́gì kì í ṣe ọ̀fẹ́ o

Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra o. Ẹ ní kéèyàn ṣáà yọ góbánọ̀ ẹnjíìnì 196cc inú bọ́gì kékeré (ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n ń gùn ṣeré), pé agbára ẹ̀ á di ìlọ́po méjì láìnáwó. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Góbánọ̀ yẹn ni ò jẹ́ kí ẹnjíìnì yí ju nǹkan bí 3,600 lọ ní ìṣẹ́jú kan, tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ eré ẹ̀ á lọ sókè lóòótọ́, àmọ́ kọ́ńrọ́ọ̀dù (ọ̀pá tó so písítìnì mọ́ kíránkì) tó bá a wá ò lágbára tó yẹn, ó lè ṣẹ́ kó dá ẹ̀gbẹ́ ẹnjíìnì lu, fuláíwíìlì (kẹ̀kẹ́ wíwúwo tó ń yí lára ẹnjíìnì) náà lè fọ́ yángá, ibi tẹ́ ẹ jókòó sí ò sì jìnnà sí i o! Ẹni tó bá máa yọ ọ́ gbọ́dọ̀ pààrọ̀ méjèèjì, pẹ̀lú sípíríìnì tó ń pa fáàfù dé, ìyẹn ti kúrò lówó pọ́ọ́kú.

Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ kí agbára ẹ̀ pọ̀ sí i, fílítà afẹ́fẹ́ àti sáléńsà tó ń mí dáadáa ò wọ́n, ẹ ṣáà fi jẹ́ẹ̀tì (ihò kékeré tí epo ń gbà kọjá) tó fẹ̀ sí i sínú kábúrétọ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ á pọ̀ ju epo lọ, ẹnjíìnì á wá máa gbóná jù. Témi bá ni, sípírókẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn (kẹ̀kẹ́ eléyín tí ṣéènì ń yí) tó leyín púpọ̀ ni màá kọ́kọ́ rà, eré ojú títì á dín kù, àmọ́ bọ́gì á gun òkè láìjanpata.