Ẹ jẹ́ ká sanwó fún akọ̀wé ẹgbẹ́ wa

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí á bí àwọn kan nínú, ṣùgbọ́n ọdún kejì rèé tí mo ti ń gbé e mì. Àwa Ìjẹ̀bú tí gbogbo ayé mọ̀ pé a mọ owó í kà, kí ló dé tí a kì í fẹ́ sanwó fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ẹgbẹ́?

Àwọn opó ni ẹgbẹ́ àdúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Òde ń tọ́jú. A máa ń pín ìrẹsì lásìkò ààwẹ̀, a sì máa ń pín in nígbà Kérésì, ẹnikẹ́ni kì í bi opó léèrè ibi tó ti ń gbàdúrà. Màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ni akọ̀wé wa. Mo bá wọn jáde lọ́jọ́ kan. Inú ọ̀rá ni wọ́n gbé nótì wọn sí, wọ́n fi òwú so báírò mọ́ ọn. Orúkọ opó wà lápá òsì, iye ọmọ àti kíláàsì tí kálukú wà ń bẹ lápá ọ̀tún. Opó tó bá ti kú, wọn kì í pa orúkọ rẹ̀ rẹ́; wọ́n á kọ "ó ti lọ" sí i, wọ́n á wá kọ orúkọ ẹni tó gba àwọn ọmọ sílé sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀kadà mẹ́rin la gùn lọ́jọ́ náà kí a tó parí sí Òkè-Ajé, àpò ara wọn ni wọ́n sì ti ń yọ owó ọ̀kadà. Mo ní kí n san, wọ́n ní, "Fi tìẹ pamọ́, o ò tíì délé."

Mo dá a lábàá nípàdé pé ká máa fún màmá ní nǹkan lóṣooṣù. Yéè! Bàbá kan dìde, wọ́n ní iṣẹ́ Ọlọ́run ni, ẹni tó bá ń wá owó kó gba ọjà lọ. Ìpàdé ọjọ́ yẹn náà la fọwọ́ sí ankara àjọ̀dún Ojúde Ọba. Ìyẹn ò tó ìṣẹ́jú márùn-ún.

Mi ò bá Ojúde Ọba jà o. Lọ́jọ́ kẹta Iléyá, tí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́-orí kan náà, bá ti ń kọjá, orí mi máa ń wú. Àwọn Mùsùlùmí ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n wá dúpẹ́ lọ́wọ́ ọba tó fún wọn láyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn. Lónìí, ẹlẹ́sìn gbogbo ló ń jó níbẹ̀. Ọba Síkírù Adétọ̀nà, Awùjalẹ̀ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú tó gorí ìtẹ́ ní 1960 tó sì wàjà ní oṣù Keje 2025, ló jí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ dìde, torí kí àwọn ẹgbẹ́ lè pawọ́ pọ̀ tún ìlú ṣe.

Iṣẹ́ Ọlọ́run, àbí? Ẹ ṣí Súrà Tawbah, ẹsẹ 60. Ìsọ̀rí mẹ́jọ ló tọ́ sí owó sàká, ìkẹta nínú wọn sì ni àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí sàká náà. Ẹ̀yin Onígbàgbọ́, ẹ ka Kọ́ríńtì kìn-ín-ní, orí 9, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti sọ̀rọ̀ àwọn tó ń dúró ti pẹpẹ. Èyí tó tiẹ̀ máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni ti alájọ. Tí a bá dá àjọ fún un lójoojúmọ́ títí oṣù fi parí, owó ọjọ́ kan, tiẹ̀ ni. Ìyá wa ò bá a jà rí.

Wọ́n á ní owó á sọ akọ̀wé di olè. Ẹni tí a kò san kọ́bọ̀ fún gan-an ni ojú máa ń tini láti bi ní ìwé owó! Akọ̀wé wa tó ṣáájú màmá, ó sú u lọ́jọ́ kan, ó kó lọ sí Èkó, ìwé orúkọ bá a lọ. Odidi oṣù mẹ́ta la fi ń béèrè láti ojúlé dé ojúlé ta ni opó, ta ni kì í ṣe opó. Ta ló fẹ́ bá a wí?

Òfin CAMA ti 2020, òfin Nàìjíríà lórí ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́, náà fàyè gba owó iṣẹ́ tó bójú mu fún òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ tó forúkọ sílẹ̀. Èrè pínpín láàárín ọmọ ẹgbẹ́ ni kò gbà.

Ìpàdé wa ń bọ̀ ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù. Màá tún gbé e dìde. Tí ẹ bá rí mi ní Ojúde Ọba tí ankara mi yàtọ̀ sí ti ẹgbẹ́, owó ankara ẹgbẹ́ ni mo fi san owó ọ̀kadà màmá.