Ta ló ní ìtàkùrọ̀sọ àtọkànwá kò nílò ìmúrasílẹ̀?

Bí ẹnìkan bá jókòó ti olókìkí tàbí ọ̀mọ̀wé kan, tí ọ̀rọ̀ ń ṣàn láàárín wọn, tí àlejò sì tú ohun tí kò sọ níbòmíràn rí síta, ẹ ti mọ ohun tí àwọn tó ń gbọ́ yóò sọ: "Ẹ̀bùn ni. Ọlọ́run ló fún un ní ẹnu." Wọn a tún fi kún un pé kò mú ìwé kankan dání, pé ohun tó bá ṣáà ti sọ sí i lọ́kàn ló ń bèèrè. Láti ibẹ̀ ni ìgbàgbọ́ kan ti gbilẹ̀, pàápàá lásìkò yìí tí ẹnikẹ́ni tó bá ní fóònù lè pe àlejò wá sórí ètò tirẹ̀: pé ìtàkùrọ̀sọ tó dára kì í ní ìmúrasílẹ̀, àti pé ẹni tó bá múra sílẹ̀ ti pa ọ̀rọ̀ náà kó tó bẹ̀rẹ̀.

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìgbàgbọ́ yìí sì ń ṣe ìpalára gidi. Ó ń sọ ìwà ọ̀lẹ di ọgbọ́n fún àwọn tí kò fẹ́ kàwé nípa àlejò wọn. Èyí tó dùn mí jù ni pé ó ń lé àwọn onítìjú, àwọn tí ọ̀rọ̀ kì í yá lẹ́nu, kúrò nídìí iṣẹ́ tí wọn ì bá mọ̀ ọ́n ṣe ju ẹlẹ́nu dídùn lọ.

Ẹ wo èyí tí ayé mọ̀ jù. Ní 1977, David Frost, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jókòó ti Richard Nixon, ẹni tó fi ipò ààrẹ Amẹ́ríkà sílẹ̀ ní 1974 nítorí ọ̀ràn Watergate, ìyẹn bí àwọn èèyàn rẹ̀ ṣe fọ́ ọ́fíìsì ẹgbẹ́ alátakò, tí wọ́n sì gbìyànjú láti bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ gbóná, Frost bi í bóyá yóò gbà pé ohun tó ṣẹlẹ̀ kọjá àṣìṣe. Nixon dá ìbéèrè náà padà fún un: ọ̀rọ̀ wo gan-an ló fẹ́ kí òun lò? Frost ju ìwé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ka ohun mẹ́ta kalẹ̀ tó gbà pé àwọn ará Amẹ́ríkà nílò láti gbọ́ lẹ́nu Nixon: pé ìwà àìtọ́ wà níbẹ̀, kì í ṣe àṣìṣe lásán, pé ó ṣi agbára lò, pé ó kó aráàlú sínú ìnira fún ọdún méjì, tó sì ń tọrọ àforíjì fún un. Lẹ́yìn èyí ni Nixon wá sọ pé òun já àwọn ọ̀rẹ́ òun kulẹ̀, pé òun já orílẹ̀-èdè náà kulẹ̀.

Bí ẹ bá wo ìṣẹ́jú mélòó kan yẹn nìkan, ẹ̀yin náà á ní ẹ̀bùn ni. Ṣùgbọ́n Frost ní àwọn olùṣèwádìí tó fi ọ̀pọ̀ oṣù tú ìwé ilé ẹjọ́ àti ọ̀rọ̀ inú téèpù tí Nixon fi gba ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì rẹ̀ sílẹ̀ wò. Ọ̀kan nínú wọn, James Reston Jr., ló rí àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ kan tó wáyé láàárín Nixon àti Charles Colson, olùdámọ̀ràn rẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ oníròyìn kò kọbi ara sí. Frost fi í ko Nixon lójú. Ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ lápapọ̀ lé ní wákàtí 28. Frost lè ju ìwé sílẹ̀ torí ohun tó wà nínú ìwé náà ti wà lórí rẹ̀. Ẹni tí kò ní ìwé kankan, kí ló fẹ́ jù sílẹ̀?

Ìdí kan wà nínú bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ gan-an tó fi rí bẹ́ẹ̀. Ní 2009, Tanya Stivers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí bí àwọn èèyàn ṣe ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wọn ní èdè 10, tí èdè Japan àti ti Denmark wà lára wọn. Bí èdè kan tilẹ̀ yá díẹ̀ ju èkejì lọ, ní ìpíndọ́gba, àlàfo tó wà láàárín ìparí ìbéèrè àti ìbẹ̀rẹ̀ èsì kò ju bí ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Bẹ́ẹ̀, kí ọpọlọ tó lè mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo jáde, irú bí orúkọ ohun tí a rí nínú àwòrán, ó ń gbà tó ìlọ́po mẹ́ta àkókò yẹn. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé gbogbo wa ti ń to èsì wa nígbà tí ẹnìkejì ṣì ń sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tí gbogbo orí rẹ̀ wà lórí gbígbọ́.

Ẹni tí kò múra sílẹ̀ tún wá di ẹrù kejì lé èyí: ìbẹ̀rù pé kí ni òun yóò bèèrè tí ọ̀rọ̀ yìí bá parí. Ìbẹ̀rù yẹn ló ń jẹ etí rẹ̀. Ká ní àlejò mẹ́nu bà á gẹ́rẹ́ pé ọdún yẹn ni òun àti bàbá òun kò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ilẹ̀kùn ńlá ló ṣí sílẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n olùbéèrè kò gbọ́ ọ, torí ó ń wá ọ̀rọ̀ kiri nínú ọkàn tirẹ̀. Ohun tó máa jáde lẹ́nu rẹ̀ kò ní ju, "Ìmọ̀ràn wo lẹ ní fún àwọn ọ̀dọ́?" (Ìbéèrè yẹn máa ń bí mi nínú. Ó bá gbogbo àlejò mu, ìyẹn ni pé kò bá ẹnikẹ́ni mu.) Òótọ́ ni pé ẹni tó rọ̀ mọ́ ìwé ìbéèrè rẹ̀ láti òkè délẹ̀ náà yóò pàdánù ilẹ̀kùn yẹn. Àmọ́ ohun tó ṣe é kì í ṣe pé ó múra sílẹ̀ jù. Ó kọ ìbéèrè sílẹ̀ ni, kò sì mọ ọ̀rọ̀ náà tó láti kúrò lórí wọn.

Ibi tí ìgbàgbọ́ yìí ti ṣìnà jù ni pé ó rò pé ọwọ́ olùbéèrè ni ìwé tó ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ wà. Orí àlejò ló wà. Ẹni tí ayé ti ń pè kiri ti sọ ìtàn kan náà lọ́pọ̀ ìgbà. Ó mọ ibi tí wọn yóò ti rẹ́rìn-ín, ó mọ ibi tó yẹ kí òun ti dánu dúró. Kì í ṣe pé ó ń purọ́. Ìtàn náà ti dán lẹ́nu rẹ̀ ni. Bí ẹ kò bá gbọ́ ọ rí, ẹ ó rò pé ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀rọ̀ fà yọ. Ẹ ó fi ìdùnnú dìde níbẹ̀, ohun tí ẹ gbà kò sì yàtọ̀ sí ti ẹni tó wá lánàá. Ẹni tó ti ka èyí tó sọ tẹ́lẹ̀ nìkan ló lè sọ pé, "Mo ti gbọ́ èyí lẹ́nu yín, ẹ ṣeun. Ọdún tó tẹ̀ lé e ńkọ́? N kò rí ibi tí ẹ ti sọ ọ́."

Robert Caro, tó ń kọ ìtàn ìgbésí ayé Ààrẹ Lyndon Johnson ti Amẹ́ríkà, rí irú ìtàn dídán bẹ́ẹ̀ lẹ́nu Sam Houston Johnson, àbúrò ààrẹ náà. Ìtàn rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n Caro kò gbára lé e. Caro àti ìyàwó rẹ̀ ti kó lọ sí agbègbè Texas tí wọ́n bí Johnson sí, wọ́n gbé níbẹ̀ fún bí ọdún mẹ́ta kí wọ́n lè mọ àwọn èèyàn ibẹ̀. Nígbà tó yá, lẹ́yìn tí Sam Houston ti ṣàìsàn tó sì ti fi ọtí sílẹ̀, Caro mú un lọ sí ilé tí wọ́n ti dàgbà ní Johnson City, èyí tí wọ́n ti sọ di ibi ìrántí, lẹ́yìn tí àwọn olùṣèbẹ̀wò ti lọ tán. Ó ní kó jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ, síbi tó máa ń jókòó sí lọ́mọdé. Òun fúnra rẹ̀ jókòó sẹ́yìn rẹ̀, kí ọkùnrin náà má baà máa wo ojú òun. Ó wá ní kó rántí bí bàbá rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe máa ń jà nídìí oúnjẹ.

Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ń tú jáde. Nígbà náà ni Caro ní kó tún sọ àwọn ìtàn aládùn ọjọ́sí, kó kàn fi àlàyé díẹ̀ kún un. Sam Houston dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní òun kò lè sọ wọ́n. Kí ló dé? Torí wọn kò ṣẹlẹ̀ rí. Láìjẹ́ pé Caro tún bèèrè ohunkóhun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa Lyndon míràn tí kò jọ ti àwọn ìtàn yẹn.

Ẹnikẹ́ni kò kọ ohun tí Sam Houston yóò sọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló yan àkókò náà, ta ló yan àga, ta ló mọ ibi tí ìtàn àtijọ́ ti ń mì?

Caro yìí kan náà ní àṣà kan tí mo fẹ́ràn. Bó bá ti bèèrè ọ̀rọ̀, tó sì ń dúró de èsì, yóò máa kọ lẹ́tà méjì sínú ìwé rẹ̀ léraléra, SU, ìkékúrú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń pàṣẹ pé kéèyàn pa ẹnu mọ́. Ara rẹ̀ ló ń kọ ọ́ sí. Ìdákẹ́jẹ́ náà le fún un bó ṣe le fún gbogbo wa, torí náà ló ṣe wá iṣẹ́ fún ọwọ́ rẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ lè sinmi.

Ní ti ẹnu dídùn, ìwádìí kan tí Karen Huang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Harvard tẹ̀ jáde ní 2017 fi hàn pé àwọn tó ń bèèrè ìbéèrè, pàápàá èyí tó bá ohun tí ẹnìkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ tán lọ, ni àwọn èèyàn máa ń fẹ́ràn jù. Láàárín àwọn tó ń wá olólùfẹ́ níbi ìpàdé oníṣẹ́jú díẹ̀, àwọn tó bèèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ jù ni ẹnìkejì gbà láti tún rí. Onítìjú lè ṣe èyí. "Báwo?" "Ta ló wà níbẹ̀?" "Lẹ́yìn náà ńkọ́?" Kò sí èyí tó gba ẹnu dídùn níbẹ̀; etí tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ló gbà.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò dárúkọ Larry King, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà. Ó máa ń fi í yangàn pé òun kì í ka ìwé àlejò òun ṣáájú ètò, kí òun lè bèèrè bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Òótọ́ ni, ìbéèrè rẹ̀ sì máa ń kúrú, ó máa ń dára. Ṣùgbọ́n ní 1957 ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rédíò ní Miami, níbi tó ti jókòó sínú ilé oúnjẹ kan tó ń bá ẹnikẹ́ni tó bá wọlé sọ̀rọ̀, kó tó dé CNN ní 1985. Ọdún 28 ló fi múra sílẹ̀. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ lónìí kò ní ọdún 28 yẹn, àfi kó fi ìwé kíkà dí i. Studs Terkel náà ṣe ètò rédíò ní Chicago láti 1952 sí 1997, ó sì máa ń ka ìwé tí àlejò rẹ̀ kọ, yóò fi bírò sàmì sí i káàkiri. Síbẹ̀, bí ẹni tí wọ́n jọ ń ṣeré ni ọ̀rọ̀ wọn máa ń dún.

Àwọn èèyàn tí kò sí ìwé kankan nípa wọn ńkọ́? Ní 2003, Dave Isay dá StoryCorps, ètò tó ń gba ìtàn àwọn èèyàn lásán sílẹ̀ lẹ́nu wọn, sílẹ̀ nínú yàrá kékeré kan ní ibùdókọ̀ ojú irin Grand Central ní New York, Terkel tó ti pé ẹni ọdún 91 ló sì wá gé ríbọ́ọ̀nù rẹ̀. Ẹni méjì tó mọ ara wọn ló máa ń wọlé, wọn a sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 40. Ọmọ àti ìyá, ọkọ àti aya, ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́. Àwọn tó ti jọ gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún pàápàá ni StoryCorps ń fún ní àwọn ìbéèrè tí wọ́n lè yàn nínú wọn kí wọ́n tó jókòó.

Bí ẹni tí ẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀ bá jẹ́ àjèjì sí yín, ẹ kà nípa iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ mọ orúkọ irinṣẹ́ rẹ̀, ẹ mọ ohun tó yí padà nínú iṣẹ́ náà láti ìgbà tó ti wọ̀ ọ́. Ẹ má bi nọ́ọ̀sì pé báwo ni iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ṣe rí. Ẹ bi í pé kí ni ẹni tó ṣiṣẹ́ mọ́jú máa ń sọ fún ẹni tó wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀, èwo ló máa ń sọ lẹ́nu tí kì í kọ sínú ìwé, kí ẹ sì dákẹ́.